Ojú Gẹ́gẹ́ Bí Ìránṣẹ́ Ọpọlọ: Ìtàn Ìwádìí Nípa Ìrìn Ẹyinjú Nínú Ìwé Kíkà, Ọjọ́ Ogbó àti Àrùn Ọpọlọ

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí tọpa ìtàn ìwádìí nípa bí ẹyinjú ṣe ń rìn, láti ọdún 1792 tí William Charles Wells tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní London, títí di ìgbà tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ojú òǹkàwé. Ohun tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìrìn ojú jẹ́ ìránṣẹ́ tí ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá tẹ́tí sí iṣẹ́ tí ìránṣẹ́ yìí ń jẹ́, ìmọ̀ a máa tẹ̀ síwájú. Nígbà tí wọ́n bá sì sọ ìránṣẹ́ di ọ̀daràn, tí wọ́n ń fi ipá tún ìrìn rẹ̀ ṣe, pàbó ni iṣẹ́ wọn máa ń já sí. A mú àpẹẹrẹ láti inú ìwé kíkà, láti inú ọjọ́ ogbó àti láti inú àrùn ọpọlọ, a sì fi àbá lélẹ̀ fún olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí a bá wo alákàn dáadáa, a ó rí i pé ẹyinjú rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ewu má baà bá a lójijì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọmọ ènìyàn rí. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ìrìn ojú: a ń ranjú mọ́ nǹkan, a ń ṣẹ́jú sí ènìyàn, a ń fi ojú tọ ohun tí ń lọ, a ń wo ẹlòmíràn kọ̀rọ̀, a sì ń wo ẹlòmíràn sùn-ùn. Síbẹ̀, mímọ̀ pé ojú ń rìn yàtọ̀ sí mímọ bí ó ṣe ń rìn, ó sì tún yàtọ̀ sí mímọ ohun tí ìrìn náà ń sọ fún wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Kò sí olùkọ́ tí kò mọ ọmọ tí ó máa ń sọ ìlà nù nígbà tí ó bá ń kàwé, tí ojú rẹ̀ ń padà sẹ́yìn léraléra, tí ó sì ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí wa lẹ́nu ni pé ojú rẹ̀ kò dúró. A lè bá a wí, a lè gba ìka rẹ̀ kúrò lórí ìwé, a sì lè fi í sí ipò olórí kunkun. Bákan náà ni àgbàlagbà tí ó ń ṣubú lórí àtẹ̀gùn léraléra nítorí pé kò lè yí ojú wo ilẹ̀ mọ́. Àwọn ará ilé lè ní àìkíyèsára ni, wọ́n sì lè ní ọwọ́ ayé ni. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, ojú ń sọ nǹkan kan fún wa. Ìbéèrè ibẹ̀ ni bóyá a gbọ́ ọ bí ó ti sọ ọ́.

Bí ojú bá ń ṣepin, ojú náà la fi í hàn. Èyí ni a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí. A óò kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ìrìn ojú jẹ́, a óò wá tọpa ìtàn àwọn tí wọ́n wádìí rẹ̀, kí a tó sọ ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn náà.

2.0 Ìdí tí Ojú fi ń Rìn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá la ojú sílẹ̀, gbogbo ohun tí ó wà níwájú wa ni a ń rí kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú ni awọ tín-ín-rín kan wà tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀. Àárín awọ náà nìkan ni ó lè rí nǹkan wínníwínní, agbègbè rẹ̀ kò sì fẹ̀. Bí ènìyàn bá na apá rẹ̀ síwájú, tí ó gbé àtàǹpàkò sókè, ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò náà ni ibi tí ojú ti ń rí kedere jù lọ kò fi bẹ́ẹ̀ jù lọ. Ohun tí ó bá kọjá ibẹ̀ ń ṣe bàìbàì díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ni ọpọlọ ṣe ń darí ẹyinjú káàkiri, kí ibi tí ó mú yìí lè bọ́ sórí ohun tí a fẹ́ rí.

Nínú iṣẹ́ yìí, a óò pe ìrìn kíákíá tí ojú máa ń rìn láti ibì kan sí ibòmíràn ní ìfò-ojú. A óò pe ìsinmi tí ó wà láàrin ìfò kan àti èkejì ní ìdúró-ojú. Ìrìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí ojú fi ń tọ ohun tí ń lọ, bí ẹyẹ tí ń fò tàbí ọkọ̀ tí ń kọjá, ni ìtẹ̀lé-ojú. Bí òǹkàwé bá fò padà sí ọ̀rọ̀ tí ó ti kọjá, ìpadàsẹ́yìn-ojú nìyẹn. Ìrìn mìíràn tún wà tí etí ń ràn ojú lọ́wọ́ láti ṣe: inú etí ni ohun tí ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé orí ń yí wà, òun ni ó sì ń jẹ́ kí ojú lè tẹ ibì kan mọ́lẹ̀ nígbà tí orí bá ń mì. Òun ni kì í jẹ́ kí ayé máa jó lójú wa nígbà tí a bá ń rìn. Ojú a máa fò tó ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láti òwúrọ̀ di alẹ́, láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ojú mọ̀.

3.0 Láti Inú Òòyì dé Inú Ìwé: Ìwádìí Láàrin Ọdún 1792 sí 1892

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí ó dojú kọ àwọn onímọ̀ ni pé ojú kò lè jẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń fò kò mọ̀ pé ó ń fò. William Charles Wells, dókítà kan tí a bí ní Charleston ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1757 ṣùgbọ́n tí ó ṣiṣẹ́ ní London, ni ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rí ọgbọ́n dá sí i. Bí ènìyàn bá tẹ ojú mọ́ iná fún ìgbà díẹ̀, àwòrán iná náà máa ń kù sí i lójú lẹ́yìn tí ó bá ti yí ojú kúrò. Ibi tí ojú bá lọ ni àwòrán àkùsójú yìí ń bá a lọ, nítorí pé inú ẹyinjú gan-an ni ó wà. Lọ́jọ́ kan, òòyì kọ́ Wells nígbà tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà lójú rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwòrán náà ń rìn ní ọ̀nà tí kò bá ibi tí òun rò pé ojú òun wà mu rárá. Ó wá mọ̀ọ́mọ̀ ń pòyì, ó sì ń wo bí àwòrán náà ṣe ń ṣe lẹ́yìn tí ó bá dúró. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1792, ó ṣàlàyé pé ìrìn ojú ni ó wà nídìí bí ilé ṣe ń yí lójú ẹni tí òòyì ń kọ́.

Ó tó nǹkan bí 90 ọdún lẹ́yìn náà kí ìwádìí tó bọ́ sí orí ìwé kíkà. Títí di àkókò yìí, èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé ojú òǹkàwé máa ń yọ́ lórí ìlà bí ẹni ń fi ọwọ́ ra ògiri. Ní Prague ní ọdún 1879, Ewald Hering gbé rọ́bà méjì tí ó ní ihò lé ìpéǹpéjú, ó sì ki ẹnu kejì bọ etí, bí dókítà ṣe ń gbọ́ ohùn àyà. Ó ń gbọ́ ìró kúkúrú tí ń ṣe pú, pú, nígbà tí ojú bá ń kàwé. Ó fi ìró wọ̀nyí wé bí àwòrán àkùsójú ṣe ń fò, ó sì rí i pé wọ́n ń rìn pọ̀. Ojú kì í yọ́ lórí ìlà. Fífò ni ó ń fò.

Ní Paris, Louis Émile Javal, tí ó jẹ́ dókítà ojú, tẹ àwọn àpilẹ̀kọ kan jáde ní ọdún 1878 àti 1879 nípa bí ènìyàn ṣe ń kàwé. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó fi ògo ìmọ̀ nípa ìfò-ojú fún Javal, ṣùgbọ́n Lamare, tí ó bá a ṣiṣẹ́, ni ó ṣe àkíyèsí náà. Òun náà lo ohun èlò tí ó ń fi ìró ránṣẹ́ láti orí ìpéǹpéjú sí etí, ó sì tẹ àlàyé tirẹ̀ jáde ní ọdún 1892. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn fi èyí sọ́kàn: ẹni tí orúkọ rẹ̀ hàn lórí ilé iṣẹ́ kọ́ ni ó máa ń ṣe gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀. Ní ti Javal fúnra rẹ̀, àrùn glaucoma gba ojú rẹ̀ méjèèjì. Síbẹ̀, ní ọdún 1903, ó tẹ ìwé kan jáde tí ó fi gba àwọn afọ́jú ẹgbẹ́ rẹ̀ nímọ̀ràn lórí bí wọ́n ṣe lè máa gbé ìgbé ayé wọn.

4.0 Ìgbà Ẹ̀rọ

Gbígbọ́ ìró ojú dára, ṣùgbọ́n kò lè sọ ibi tí ojú dúró sí lórí ìlà. Ní Yunifásítì Clark ní Amẹ́ríkà, Edmund Huey fi POP, irú èyí tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń ṣe òrùlé inú ilé lónìí, mọ ife kékeré kan tí ó bá ẹyinjú mu, tí ó sì ní ihò láàrin kí òǹkàwé lè ríran. Ó kan kokéènì sí ojú náà kí ó má baà dunni, ó wá so ọ̀pá alumíníọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kan mọ́ ife náà. Bí ojú bá ti ń rìn ni ọ̀pá náà ń fa ìlà sórí bébà tí wọ́n ti fi èéfín kùn. Iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1898, ó sì di ìwé ńlá ní ọdún 1908. Ìwé náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n so ìmọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá pọ̀ mọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà.

Ọgbọ́n Huey ga, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà kí a fi POP sí òun lójú? Raymond Dodge ni ó yanjú ìṣòro yìí. Ní ọdún 1898, òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n Benno Erdmann ní Halle ní Jámánì ti lo jígí lásán láti wo ojú òǹkàwé. Wọ́n rí i pé ìgbà tí ojú bá dúró nìkan ni ó ń ka ọ̀rọ̀. Nígbà tí ó bá ń fò, kò rí nǹkan kan kà. Ní ọdún 1900, Dodge fi ìdánwò tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ti èyí lẹ́yìn. Bí ènìyàn bá dúró síwájú jígí, tí ó wo ojú òsì rẹ̀, tí ó sì yí ìwò sí ojú ọ̀tún, kò ní rí i kí ojú òun rìn láéláé. Ẹni tí ó dúró tì í ni yóò rí i. Ní ọdún 1901, Dodge àti Thomas Sparks Cline ya fọ́tò ìmọ́lẹ̀ tí ń tàn padà láti ara ẹyinjú, láìfi ọwọ́ kan ojú náà rárá. Láti ìgbà yìí ni ó ti ṣeé ṣe láti wádìí ojú ọmọdé, ti àgbàlagbà àti ti aláìsàn.

Kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ aláìsàn. Ní ọdún 1908, Allen Ross Diefendorf àti Dodge tẹ iṣẹ́ jáde lórí ojú àwọn tí orí wọn kò pé. Wọ́n ní kí àwọn aláìsàn fi ojú tọ ohun kan tí ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ìtẹ̀lé-ojú àwọn tí wọ́n ní àrùn ọpọlọ tí a ń pè ní schizophrenia lónìí kì í lọ geere bí ti àwọn ẹlòmíràn. Iṣẹ́ yìí sùn fún ìgbà pípẹ́, títí Philip Holzman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi tún un gbé jáde ní ọdún 1973.

Ẹni tí ó fi hàn kedere pé ọkàn ni ó ń darí ojú ni Alfred Yarbus, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí ìwé rẹ̀ jáde ní Moscow ní ọdún 1965, tí a sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1967. Ó gbé àwòrán kan tí Ilya Repin yà síwájú òǹwòran, ó sì yí ìbéèrè padà nígbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó ní kí ó sọ ọjọ́ orí àwọn tí ó wà nínú àwòrán náà, ojú wọn ni ó ń wò. Nígbà tí ó béèrè bí wọ́n ṣe lówó lọ́wọ́ sí, ojú òǹwòran náà lọ sórí aṣọ àti ohun èlò inú ilé. Àwòrán kan náà ni, ojú kan náà ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn ni ó yí ìrìn padà.

5.0 Nígbà tí a Sọ Ìránṣẹ́ di Ọ̀daràn

Ní ọdún 1922, Guy Buswell ní Chicago tẹ iṣẹ́ jáde lórí bí ìrìn ojú ṣe ń yí padà láti kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ títí dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó hàn nínú rẹ̀ pé bí ọmọ ṣe ń mọ̀wé sí i ni ìdúró-ojú rẹ̀ lórí ìlà kan ń dín kù, tí ó ń kúrú, tí ìpadàsẹ́yìn-ojú náà sì ń dín kù. Òótọ́ ni èyí. Àmọ́ láti inú òótọ́ yìí ni àwọn kan ti fa àṣìṣe yọ. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ pé ojú ọ̀mọ̀wé kì í fi bẹ́ẹ̀ padà sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí a fi ipá kọ́ ojú ọmọ tí kò mọ̀wé kí ó má padà sẹ́yìn mọ́, yóò sì di ọ̀mọ̀wé. Láti àwọn ọdún 1930 lọ, oríṣiríṣi ẹ̀rọ ni wọ́n gbé wọ ilé ìwé ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó ń jẹ́ Metronoscope, máa ń ṣí apá kan ìlà sílẹ̀, a sì pa á dé kí ó tó ṣí apá tí ó kàn, kí ojú má baà rí ibi padà sí.

Miles Tinker, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ìwé kíkà ní Yunifásítì Minnesota, kò gbà pẹ̀lú wọn. Àlàyé rẹ̀ ni pé ìrìn ojú jẹ́ àmì bí ìwé ṣe ń yéni sí. Òun kọ́ ni ó ń mú kí ìwé yéni tàbí kí ó má yéni. Ọmọ tí ìwé kíkà rẹ̀ sunwọ̀n sí i nípa ẹ̀kọ́ tí ó péye, ojú rẹ̀ yóò tún ìrìn ara rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a fi ẹ̀rọ tún ìrìn ojú rẹ̀ ṣe kò ní èrè lórí ọmọ tí a kọ́ dáadáa láìlo ẹ̀rọ.

Àṣìṣe yìí tún jí dìde ní ọdún 1981, nígbà tí George Pavlidis sọ pé àwọn ọmọ tí wọ́n ní dyslexia kò lè fi ojú tọ iná tí ń tàn tẹ̀ lé ara wọn bí àwọn ọmọ yòókù ṣe ń ṣe, àti pé ìrìn ojú lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́ sí ìṣòro wọn. Ìròyìn náà dùn mọ́ àwọn òbí àti olùkọ́ nínú. Àmọ́ láàrin ọdún 1983 sí 1984, ó tó ìgbà mẹ́ta tí àwọn onímọ̀ mìíràn tún ìdánwò náà ṣe, wọn kò sì rí ohun tí ó rí. Bí a bá gbé ìwé tí ó le ju agbára ọmọ lọ fún un, ojú rẹ̀ yóò máa padà sẹ́yìn. Bí a bá gbé èyí tí ó bá ìwọ̀n ìmọ̀ rẹ̀ mu fún un, ìrìn ojú rẹ̀ yóò jọ ti àwọn ọmọ tí wọ́n jọ mọ̀wé dé ibì kan náà. Kódà, bí a bá gbé ìwé tí ó ta kókó fún ọ̀mọ̀wé, ojú tirẹ̀ náà yóò padà sẹ́yìn.

Iṣẹ́ George McConkie àti Keith Rayner ní ọdún 1975 ni ó jẹ́ kí a mọ ohun tí ojú ń kó nígbà ìdúró kan. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ ojú òǹkàwé, wọ́n sì ń pa lẹ́tà tí ó jìnnà sí ibi tí ojú bá wà rẹ́. Láti inú iṣẹ́ yìí àti èyí tí ó tẹ̀ lé e ni a ti mọ̀ pé òǹkàwé èdè Gẹ̀ẹ́sì ń rí lẹ́tà bí 3 tàbí 4 lò ní apá òsì, àti bí 14 tàbí 15 ní apá ọ̀tún. Ní ọdún 1981, wọ́n rí i pé òdìkejì ni ti àwọn tí ń ka èdè Hébérù, nítorí pé láti ọ̀tún sí òsì ni wọ́n ń kàwé. Ẹyinjú àwọn méjèèjì kò yàtọ̀. Ẹ̀kọ́ tí ọpọlọ kọ́ ni ó yàtọ̀. Ìwádìí wọ̀nyí tún fi hàn pé láàrin ìfò 100 tí ọ̀mọ̀wé bá fò, bí 10 sí 15 ni ó ń padà sẹ́yìn. Ìpadàsẹ́yìn-ojú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹni tí ó ń ka Yorùbá tí a kò fi àmì ohùn sí kò nílò kí a tún èyí sọ fún un. Bí ó bá rí "owo" nínú gbólóhùn, kò lè mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bóyá owó ni, tàbí òwò, tàbí ọwọ́, tàbí ọ̀wọ̀. Bí ó bá ka ìlà tán kí ó tó mọ èyí tí ó jẹ́, ó ní láti padà sẹ́yìn. Àbùkù ojú kọ́ nìyẹn; àbùkù ìwé ni.

6.0 Ojú, Ọjọ́ Ogbó àti Àrùn Ọpọlọ

Bí àwọn olùkọ́ kan ti ń fìyà jẹ ìránṣẹ́, àwọn dókítà kan ń kọ́ bí wọ́n ṣe lè gbọ́ èdè rẹ̀. Ní Vienna, Robert Bárány máa ń fi omi fọ etí aláìsàn. Ó ṣàkíyèsí pé òòyì ń kọ́ wọn bí omi náà bá tutù jù tàbí bí ó bá gbóná jù, ojú wọn a sì máa gbọ̀n. Apá tí ojú ń gbọ̀n sí nígbà tí omi bá tutù yàtọ̀ sí èyí tí ó ń gbọ̀n sí nígbà tí omi bá gbóná. Ó sọ àkíyèsí yìí di ọ̀nà tí a fi ń yẹ inú etí wò. Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914 ni wọ́n fi dá a lọ́lá, nígbà tí ó wà ní ìgbèkùn ogun lọ́wọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà.

Ní ọdún 1963, David Robinson ní Yunifásítì Johns Hopkins fi òrùka wáyà tín-ín-rín sínú lẹ́ńsì tí a lè fi sí ojú, ó sì gbé òǹwòran sáàrin agbára òòfà. Ẹ̀rọ yìí ń wọn ìrìn tí ó kéré jọjọ. Ní ọdún kejì, 1964, àwọn dókítà mẹ́ta ní Toronto ní Kánádà, John Steele, J. Clifford Richardson àti Jerzy Olszewski, ṣàlàyé àrùn kan tí wọ́n pè ní progressive supranuclear palsy. Àwọn tí ó ń ṣe máa ń ṣubú léraléra, ọrùn wọn a le, wọn kì í sì lè yí ojú sókè tàbí sísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé bí dókítà bá di orí aláìsàn náà mú, tí ó sì tẹ orí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tí ó ń wo ọ̀kánkán, ojú tí ó kọ̀ láti lọ sísàlẹ̀ yóò lọ. Ó túmọ̀ sí pé ẹran tí ń yí ojú kò ní àrùn. Ọpọlọ tí ń rán an níṣẹ́ ni iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìyípadà ni àrùn. Bí ènìyàn bá ti ń dàgbà, ìfò-ojú rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ìtẹ̀lé-ojú rẹ̀ kì í sì lè bá ohun tí ń sáré mu bíi ti tẹ́lẹ̀. William Chamberlain fi hàn nínú iṣẹ́ tí ó jáde ní ọdún 1971 pé bí ọjọ́ orí bá ti ń pọ̀ sí i ni ibi tí ojú lè wò lókè ń dín kù. Àgbàlagbà tí kò lè wo òkè dáadáa láìgbé orí lè jẹ́ pé ọjọ́ ogbó ni. Ṣùgbọ́n èyí tí kò lè wo ilẹ̀ mọ́, tí ó sì ń ṣubú, ó yẹ kí ó tètè rí dókítà.

Ìdánwò mìíràn tí ó ya ọjọ́ ogbó sọ́tọ̀ kúrò lára àrùn ni èyí tí Peter Hallett gbé jáde ní Toronto ní ọdún 1978. Iná yóò tàn ní apá kan, a ó sì ní kí òǹwòran wo apá kejì tí iná kò sí. Ó rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe, nítorí ojú fẹ́ràn láti lọ síbi tí iná ti tàn. Ní ọdún 1985, Daniel Guitton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal fi hàn pé àwọn tí wọ́n ní ọgbẹ́ níwájú ọpọlọ kì í lè kó ojú wọn níjàánu. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá náà a máa ṣi ojú gbé nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kíá ni ó ń tún un ṣe. Ẹni tí ó ní àrùn Alzheimer a máa ṣì í nígbà púpọ̀, ó sì lè má tún un ṣe rárá.

Àpẹẹrẹ tí ó gbẹ̀yìn ni ó sún mọ́ wa jù lọ, nítorí pé kò béèrè ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ní ọdún 1988, Michael Halmagyi àti Ian Curthoys ní Sydney ní Ọsirélíà gbé ìdánwò kan jáde. Dókítà yóò ní kí aláìsàn tẹ ojú mọ́ imú òun, yóò sì yí orí rẹ̀ kíá díẹ̀. Bí iṣan tí ó ti inú etí wá bá ní àrùn, ojú yóò bá orí lọ, yóò wá fò padà sí imú dókítà. Ní ọdún 2009, Jorge Kattah, David Newman-Toker àti àwọn ẹgbẹ́ wọn da ìdánwò yìí pọ̀ mọ́ méjì mìíràn: apá tí ojú ń gbọ̀n sí, àti bóyá ojú kan ga ju èkejì lọ. Wọ́n lò ó fún aláìsàn 101 tí òòyì ń kọ́ láìdáwọ́ dúró, tí wọ́n sì wà nínú ewu àrùn rọpárọsẹ̀. Kò sí ẹnì kan tí ó ní rọpárọsẹ̀ tí ìdánwò ojú náà kò tú fó. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ MRI tí ń ya àwòrán ọpọlọ kò rí i ní ìgbà àkọ́kọ́ lára 12% nínú wọn. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé bí ìdánwò orí yíyí bá fi hàn pé ojú ń ṣe dáadáa, nígbà tí òòyì ṣì ń kọ́ aláìsàn náà kíkan, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù ń bà dókítà. Etí kò ṣẹ̀, ọpọlọ ni ó kù. Ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà nìkan ni ìdánwò yìí yẹ. Ṣùgbọ́n ní ibi tí MRI kò tíì pọ̀, irú ìmọ̀ yìí níye lórí ju ẹ̀rọ lọ.

7.0 Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé kí a máa wo ojú akẹ́kọ̀ọ́, kí a má sì bá ojú náà jà. Ọ̀nà méjì wà tí kò náni ní owó. Èkíní ni ti Erdmann àti Dodge: kí olùkọ́ gbé jígí kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé lórí tábìlì, kí ó dúró sẹ́yìn ọmọ, kí ó sì máa wo ojú rẹ̀ nínú jígí náà. Èkejì ni èyí tí Walter Miles ṣàlàyé ní ọdún 1928: kí olùkọ́ dá ihò kékeré sáàrin ojú ìwé tí ọmọ yóò kà, kí ó gbé ìwé náà sókè láàrin òun àti ọmọ, kí ó sì máa yọjú láti inú ihò náà. Yóò rí ìfò kọ̀ọ̀kan, yóò sì lè kà á.

Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ wá béèrè ni èyí: ìwé yìí kò ha le jù fún ọmọ yìí bí? Kí ó gbé èyí tí ó rọrùn fún un, kí ó sì tún kà. Bí ojú bá balẹ̀, ẹ̀kọ́ ni ọmọ náà nílò. Kò nílò ìbáwí. Kí ó tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àmì ohùn pé lórí ohun tí ó ní kí ọmọ kà. Ìka tí ọmọ fi ń tọ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀tá. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ ni, yóò sì jù ú sílẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ranlẹ̀. Bí ojú ọmọ bá ń gbọ̀n láìdúró, tàbí tí ọ̀kan kò bá èkejì rìn, iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ sọ ara rẹ̀ di dókítà.

8.0 Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé láti ìgbà Wells títí di ìgbà kọ̀ǹpútà, ohun kan náà ni ìwádìí ń fi hàn: ojú ń rìn nítorí ọpọlọ rán an níṣẹ́. Hering gbọ́ iṣẹ́ náà láti inú rọ́bà, Dodge yà á ní fọ́tò, Steele àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì kà á lójú ẹni tí kò lè wo ilẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ka ojú ọmọdé lórí kí ó má baà padà sẹ́yìn kò ráyè gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ìránṣẹ́ kì í mọ ìwà hù ju ẹni tí ó rán an lọ. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ń padà sẹ́yìn lórí ìlà ń wá ìtumọ̀ tí ó sọ nù lọ́nà ni. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti bá a wá a.